Orúkọ Kan Lórí Pátákó

"Ọjọ́ tí ìjì ká òrùlé kíláàsì wa lọ ńkọ́? Ta ló rántí?" Aláwàdà ti ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀. "Tíṣà Ìṣirò ló kọ́kọ́ wọ abẹ́ tábìlì. Láti abẹ́ ibẹ̀ ló ti ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má sá!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n jáde ìwé mẹ́wàá. Tíṣà kíláàsì ti ní kí kálukú wọn sọ ohun tí kò ní gbàgbé nínú ọdún mẹ́fà tí wọ́n jọ lò. Mọ́nítọ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ni yóò kà á lọ́jọ́ ìdágbére. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó kọ ìlà kan, ó pa á rẹ́, ó tún gbójú sókè wo ògiri níbi tí bàbá tó ń kọ pátákó ti gun àkàbà. Bàbá ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó ń po ọ̀dà funfun nínú agolo.

Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan sórí pátákó yẹn, ẹni tí kò pa ilé-ìwé jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́dún yìí, ẹni méjì ni rẹ́jísítà fi hàn, Ẹlẹ́rìn-ín àti Aago, àyè ẹnì kan ló sì wà. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n mú ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, ló bá bọ́ sọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín.

Irọ́ gbuu ni. Lọ́dún tí ìyá Ẹlẹ́rìn-ín dùbúlẹ̀ àìsàn, ta ló ń wẹ̀ ẹ́, ta ló ń bọ́ ọ, bí kò ṣe ọmọ rẹ̀? Mọ́nítọ̀ ni tíṣà ń gbé rẹ́jísítà lé lọ́wọ́ láràárọ̀, Mọ́nítọ̀ náà sì ni ọ̀rẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín tímọ́tímọ́. Ó máàkì àga Ẹlẹ́rìn-ín tó ṣófo lẹ́ẹ̀kan bí ẹni pé ó wà, ó ní kò ní ṣe é mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀kejì, ó di bárakú. Àánú ló ṣe é, ta ni yóò bú aláàánú? Àmọ́ irọ́ tí a fi ṣàánú, irọ́ náà ni.

"Mọ́nítọ̀, kọ tèmi!" Ẹlẹ́rìn-ín dìde. "Èmi náà ò ní gbàgbé ọjọ́ ìjì yẹn láéláé."

"Ìwọ kẹ̀?" ni Aláwàdà wí. "Ibo lo jókòó sí?"

"Ẹ̀yìn ni mo wà."

"Ẹ̀yìn gan-an ni òrùlé ti ṣí! Àbí ìwọ ni ìjì náà?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Mọ́nítọ̀ ló ń wò. Mọ́nítọ̀ tọrọ ààyè, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Kò pẹ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín fi tẹ̀lé e.

"Kí ló ń ṣe ọ́ ná?"

"Aago ló ni àyè orí pátákó yẹn. Ojú ń tì mí."

"Ṣé èmi ni mo ní kó o máàkì mi ni?" Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ìwọ lo gbé mi gorí igi, ìwọ náà lo tún fẹ́ gé e. Màámi ní àwọn á wá wò ó. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n á ṣe gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn yìí. Kí ni kí n wí fún wọn?"

Ẹlẹ́rìn-ín nu ojú, ó wọlé padà. Ìgbà náà ni Mọ́nítọ̀ rí Aago tó tẹ̀ba nídìí ẹ̀rọ omi, tó ń bomi mu.

"O gbọ́ wa, àbí?"

"Mo gbọ́." Aago nu ẹnu. "Ẹ rò pé n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ọjọ́ wo ni mi ò sí ní kíláàsì? Gbogbo ìgbà tó o bá ń máàkì àga tó ṣófo, mò ń wò ọ́."

"Kí ló dé tó ò fi sọ?"

"Ìyá ẹ̀ ò gbádùn." Ó pa ẹ̀rọ omi. "Lẹ́yìn tí ara wọn yá, mò ń retí pé ìwọ lo máa sọ ọ́. Mo ṣì ń retí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mọ́nítọ̀ ju èébú lọ. Ó wọlé, bàbá ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ó lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ tíṣà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí bàbá dáwọ́ dúró. Irọ́ wà nínú rẹ́jísítà. Èmi ni mo kọ ọ́, ẹ má bá ẹlòmíì wí. Ẹlẹ́rìn-ín ò sí níbẹ̀ nígbà míì, mo sì máàkì rẹ̀."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mọ́kànlélógójì, mà."

Bẹ́ńṣì kan dún lẹ́yìn. Ẹlẹ́rìn-ín ti dìde, ó rìn wá síwájú, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

"Méjìlélógójì ni, mà," ó ní. "Èmi náà ń kà á."