Ọjọ́ Tí Òkun La Abúlé Wa

Ìjì jà mọ́jú létí òkun Okhotsk. Nígbà tí Glafira jáde láàárọ̀ láti lọ bá àbúrò rẹ̀, Taisiya, tó ti lọ dáná nílé búrẹ́dì láti ìdájí, ṣe ló dúró gbagidi. Ọ̀nà kò sí mọ́. Orí ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan láàárín òkun àti odò ni abúlé wọn wà, òkun sì ti là á sí méjì. Ilé búrẹ́dì dá dúró ní òdìkejì omi, èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀.

"Yéè! Taisiya o!"

Prokhor, àgbà apẹja tó múlé ti Glafira, sáré dé, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ó káwọ́ lérí.

"Glafira, ilé tí a ti ń fi iyọ̀ sẹ́ja dà? Ẹja sámọ́nì ti fẹ́ máa wọ odò, ìgbà ìpẹja ti dé tán o!"

"Bàbá, ẹ fẹja sílẹ̀! Ẹ gbé ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́!"

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí òdìkejì, Taisiya yọ sẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló gbé yín gba ojú omi wá? Ṣé ẹ ti ya ọ̀lẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò lè fẹsẹ̀ rìn wá mọ́ ni?"

 Glafira di èjìká rẹ̀ mú, ó yí i síhà omi. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Taisiya. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo ṣebí ariwo ìjì lásán ni mo ń gbọ́," ló sọ.

Wọ́n kó òun àti búrẹ́dì gbígbóná tó ti yan padà. Àwọn ará abúlé dúró létí omi, wọ́n mú búrẹ́dì lọ́wọ́, wọn ò rántí jẹ ẹ́.