Ìdérí Tó Kọ̀ Tí Kò Dúró

Nígbà àkọ́kọ́ tí ìdérí náà já, orúnkún ọmọ ọmọ mi ló bà. Mo na ọwọ́, mo tì í padà, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ. Nígbà kejì, etí ike rẹ̀ ha ọmọ náà lójúgun. Ẹ̀jẹ̀ yọ, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nu ún kí ó tó rántí pé ìbọ̀sẹ̀ funfun ti iléèwé ni. Ìyá rẹ̀ rí ìbọ̀sẹ̀ yẹn nírọ̀lẹ́.

Ìdérí àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ ni mò ń sọ, ibi tí a ń kó ìwé ọkọ̀ àti nǹkan wẹ́wẹ́ sí. Ìkọ́ kan ló ń dì í mú lókè. Gbogbo iṣẹ́ tí ìkọ́ yẹn ní láyé kò ju pé kó gbá ìdérí mú, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí a bá fà á. Iṣẹ́ kan ṣoṣo náà ló kọ̀ tí kò ṣe.

“Bàbá, mi ò bá yín jà o,” ni ọmọ mi obìnrin wí. Tó bá ti ní òun ò bá mi jà, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. “Ṣùgbọ́n títí ẹ ó fi tún nǹkan yẹn ṣe, bọ́ọ̀sì iléèwé ni yóò máa gbé e.”

“Kó jókòó sẹ́yìn nígbà náà.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iwájú tàbí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá lè máa wo ìdérí bẹ́ẹ̀ níran, kí ni mo fẹ́ sọ nípa táyà?”

Mo ní mo gbọ́. Láti ìgbà tí a ti sin ìyàwó mi, gbígbé ọmọ yẹn lọ síléèwé láàárọ̀ ni ohun tó ń mú mi dìde lórí ibùsùn. Bí wọ́n bá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ máa tìtorí rẹ̀ wọ ṣòkòtò.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì mi. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí pé kò sí ohun tó ń kánjú ṣe. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà fún àtúnṣe bíréèkì ní gbogbo àsìkò tí ìyàwó mi fi wà ní ọsibítù. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìdérí náà, ó já, ó tún tì í, ó tún já.

“Bàbá, ẹ́ńjìnì ni tèmi. Iṣẹ́ ara ọkọ̀ lèyí.”

Ẹni tó ń lu ara ọkọ̀ wà lódìkejì ọgbà kan náà. Ó ní irin lòun ń lù, òun kì í lu ike, kí n lọ bá oníná. Oníná bi mí bóyá gílóòbù wà nínú àpótí náà. Mo ní kò sí.

“Háà, Bàbá, kí wá ni kí n bá yín ṣe níbẹ̀?”

Ó ní kí n lọ bá ẹni tó ń rán àga ọkọ̀. Ìyẹn wo ìdérí, ó wò mí, ó ní, “Ẹ jẹ́ n bá yín rán tìmùtìmù lé e.”

“Ṣé tìmùtìmù ló máa dì í mú?”

“Rárá o. Ṣùgbọ́n tó bá já lu ọmọ, kò ní dùn ún.”

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo padà sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Orí mi ti gbóná. Mo ní kí ọkọ̀ yìí tó dé ọwọ́ rẹ̀, ìdérí yẹn kò já rí. Mo ní ẹnìkan nínú ọgbà rẹ̀ ló fi tipátipá ṣí i, bóyá ohun tí wọ́n máa jí ni wọ́n ń wá.

Ariwo òòlù dákẹ́. Jẹ́jẹ́ fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé èkejì.

“Bàbá, ẹ pè mí lólè?”

“Ohun tí mo rí ni mo sọ.”

“Kí lẹ rí?”

Mi ò rí nǹkan kan.

“Ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ,” ó wí. “Mo mọ ohun tójú yín rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí, òun ni mi ò ṣe fèsì. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e padà wá síbí mọ́.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó jókòó sínú ọkọ̀. Síbẹ̀, mo wà á jáde.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì, ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọkùnrin tó jókòó síwájú ìsọ̀ gbọ́ tẹnu mi tán, ó mi orí.

“Ìkọ́ nìkan? A kì í tà á lọ́tọ̀ o, Bàbá. Ẹ ó ra gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ni.”

“Nítorí ohun tí kò tó àtàǹpàkò mi?”

“Òun náà ni.”

“Bí eyín kan bá ń dun ìwọ, ṣé orí tuntun lo máa rà?”

“Bí wọ́n bá ń tà á, Bàbá, mo ti rà á tipẹ́. Èyí tí mo ní yìí kò gbọ́ràn.”

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ń kó àwọn òkú ọkọ̀ sí, mo rí ọkọ̀ kan tó jọ tèmi, mo sì tú ìkọ́ rẹ̀. Mo gbé e wálé, mo fi í dípò ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi gbogbo agbára ti ìdérí náà pa, ó dún ketekete, ó dì mú. Inú mi dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí mo fi nu ọwọ́. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí i, ó ní òun ò ṣí. Mo fà á, mo bẹ̀ ẹ́, mo gbá a. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ọ̀bẹ ìjẹun ni mo fi ṣí i níkẹyìn. Ẹnu ọ̀bẹ kán, ìkọ́ tuntun kán, mo sì dá ti àtijọ́ padà síbẹ̀.

Mo fi rọ́bà so ó, ó já. Mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́, oòrùn yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ wá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Láàárọ̀, bọ́ọ̀sì iléèwé á fun fèrè lẹ́nu géètì, ọmọ á juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé rẹ̀, èmi náà á juwọ́, n ó sì padà sórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ̀ síwájú àpótí náà láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, mò ń bú u lábẹ́lẹ̀, nígbà tí ọmọ náà dé. Ọ̀rọ̀-ò-tán ni ìyá rẹ̀ àgbà sọ ọ́, orúkọ náà sì bá a mu.

“Bàbá àgbà, ṣé ẹ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni?”

“Bí ta ni ṣe ń ṣe é?”

“Bí Màmá àgbà. Orúnkún ni wọ́n fi máa ń tì í. Èmi ni ẹsẹ̀ mi ò tó.”

Mo ní kí ló ń sọ.

“Ẹ̀yìn ni mo máa ń wà, mo sì máa ń rí wọn. Bí ẹ bá ti fẹ́ kó sí kòtò, wọ́n á gbé orúnkún. Mo ní kí wọ́n sọ fún yín. Wọ́n ní, ‘Bàbá rẹ àgbà á ní ká yà lọ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí mò ń lọ ni mo fẹ́ dé.’”

Ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ lẹ́bàá ògiri. Mo wo ojú rẹ̀.

“Èmi náà ti fi orúnkún tì í rí, Bàbá,” ó wí. “Mo rò pé ẹ mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, tí ẹ sì fi ọmọ mi síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló bí mi nínú.”

Gbogbo ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ rí ló mọ̀. Èmi tí mo ni ọkọ̀ nìkan ni kì í jókòó síbẹ̀.

Mo yí lọ sódìkejì, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jókòó sí àyè ìyàwó mi. Mo gbé orúnkún, mo fi ti ìdérí náà. Ó dúró. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Láti ibi tí mo wà, mo rí igun kan tí ẹni tó ń wakọ̀ kò lè rí láéláé. Nísàlẹ̀, lápá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, nọ́ọ̀tì tó di ẹsẹ̀ ìdérí náà mú ti dẹ̀, apá ibẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. Ìkọ́ kò jẹ̀bi. Ìdérí tó wọ́ ni kì í jẹ́ kó bá ẹnu rẹ̀ pàdé. Mo ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ọwọ́ mi kò wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ tó lè dé ibẹ̀ kò sí nílé mi.

Mo mọ ọgbà tí irinṣẹ́ náà wà.

Gbogbo wọn wà níkàlẹ̀ nígbà tí mo dé: oníná, ẹni tó ń lu ara ọkọ̀, ẹni tó ń rán àga. Jẹ́jẹ́ kò gbójú sókè.

“Níwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́,” mo wí, “níwájú wọn náà ni mo fẹ́ ti kó o jẹ. Ìdérí yẹn ti bàjẹ́ kí o tó rí i. Ìyàwó mi ló ń fi orúnkún dì í mú, tí mi ò mọ̀. Má bínú.”

Ẹni tó ń rán àga ní, “Ìyá yẹn mà gbìyànjú o.”

Jẹ́jẹ́ wá wò mí. “Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?”

“Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

Ó mú irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. “Ẹ wọlé jókòó. Ẹ fi orúnkún tiyín gbé e sókè kí n lè rí ìdí rẹ̀.”

“O ní kì í ṣe iṣẹ́ rẹ.”

“Kì í ṣe iṣẹ́ mi. Mo kàn ń ṣe é ni.”

Mo gbé e sókè. Kò kánjú lọ́jọ́ yẹn náà. Ó fi wọ́ṣà kan, òrùka irin pẹlẹbẹ, há a, ó tú u, ó mú òmíràn tó nípọn jù ú lọ. Itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ o, Bàbá.”

“Ó ń ro mí.”

“Ó yẹ kó ro yín.”

Nígbà tó parí, ó ti ìdérí náà pa, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ lu orí dáṣíbọ́ọ̀dù títí oníná fi ní kó má fọ́ ọ. Kò já.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ mi obìnrin jáde sídìí ọkọ̀. Ó ṣí àpótí náà, ó tì í, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi ẹsẹ̀ ta táyà iwájú wò. Lẹ́yìn náà ló kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ọmọ rẹ̀ lè wọlé.

Ní gbogbo ọ̀nà, bí a bá ti dé kòtò, ojú mi ti dé ara ìdérí náà.

“Bàbá àgbà, ọ̀nà ni kí ẹ wò,” ni Ọ̀rọ̀-ò-tán wí, ó sì ń bá ìtàn olùkọ́ wọn tó ń sín nígbà gbogbo lọ.

Níwájú iléèwé, ó bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, kò bojú wẹ̀yìn. Mo dúró títí ó fi wọlé. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè. Mo jẹ́ kó máa fun ún.