Mọ́nítọ̀ Apá Òsì

Láti ìgbà tí ọkọ obìnrin atẹ̀wé kan ti kú ni ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti máa ń sá lọ sí apá òsì. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ọ̀sán ni, nígbà tí oòrùn bá ti kúrò lórí tábìlì, tí atẹ̀wé náà bá gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì kó lè mu omi. Ọfà náà á rọra yọ́ lọ, á dé etí mọ́nítọ̀, á sì wọlé síbi tí kò sí nǹkan kan. Obìnrin náà á wá máa fi máòsì gbá orí tábìlì kiri bí ẹni tó ń nulẹ̀, títí tí yóò fi tún jáde.

Ọ̀rọ̀ ọfà nìkan ì bá sàn. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lobìnrin yìí ń ṣe nínú ilé: àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, lẹ́tà lọ́yà. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bó bá ń tẹ̀wé, kì í wo ọwọ́, kì í wo mọ́nítọ̀, ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ ló máa ń tẹjú mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà míràn wà tó máa gbójú sókè tí yóò rí i pé odidi ìpínrọ̀ tí òun ti tẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò parẹ́ o, kò tiẹ̀ jáde rárá ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kọ̀wé lórí ọ̀sìn ẹja gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìwò, ojú ewé kọkànlélógójì sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín gbólóhùn. Olùkọ́ rẹ̀ fi bíírò pupa kí i káàbọ̀. Ojú ti atẹ̀wé gan-an. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó dá ìwé padà fún un rí.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ ni. Ayàwòrán ilé lọkọ náà, Onírúlà sì ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Bí wọ́n bá gbé búrẹ́dì kalẹ̀, yóò kọ́kọ́ fojú díwọ̀n rẹ̀ kó tó gé e, bí ègé méjèèjì kò bá sì dọ́gba, yóò dákẹ́, yóò mú èyí tó kéré. Ọkùnrin tó nira láti bá gbé ni, tó sì rọrùn láti fẹ́ràn.

Mọ́nítọ̀ méjì ni Onírúlà ń lò. Ti apá ọ̀tún ló fi ń ya ilé, ti apá òsì ló fi ń kọ ohun tó bá fẹ́ rántí, ó sì dojú rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà. Kì í pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ láéláé. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya òṣùpá sí lára, ẹ̀rọ náà á kó gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ mì, á sì sùn. Iná ìbáà lọ, iná ìbáà dé, bó bá jí lọ́jọ́ kejì, ibi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ gan-an ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyàwó ò yí èyí padà. Bọ́tìnnì olóṣùpá náà lòun náà ń tẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Àṣírí kan wà lára mọ́nítọ̀ apá òsì yẹn tí àwọn ọmọ wọn pàápàá kò mọ̀. Tọkọtaya yìí kì í pariwo bí wọ́n bá jà, odì ni wọ́n máa ń yàn. Àmọ́ ẹni méjì tó ń yan odì nínú ilé oníyàrá mẹ́ta gbọ́dọ̀ wá bí wọn yóò ṣe máa béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Onírúlà ṣí ojú ewé kan sí apá òsì, ó sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ìyàwó á wọlé tòun ti ẹnu rẹ̀ tó yọ síta, á kà á, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ kíbọọ̀dù, á tẹ èsì tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á sì jáde. Àwọn méjèèjì fẹnu kò sí òfin kan. Ojú ewé lè gbé ìjà, ṣùgbọ́n kò lè parí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ parí ìjà, ẹni tó ń bínú gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Mi ò bínú mọ́.” Nígbà náà ni Onírúlà yóò fa ìlà kan sábẹ́ gbogbo rẹ̀, gbọnrangandan bí irú èyí tó fi ń ya ògiri, ìjà tó bá tún dé á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìlà.

Ìjà tó gbẹ̀yìn, ìjà fèrèsé ni. Onírúlà gbàgbé fèrèsé pálọ̀ ní ṣíṣí, òjò wọlé, àpilẹ̀kọ oníbàárà kan sì rin gbingbin. Wọ́n yan odì ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, obìnrin náà wà ní pálọ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ àwọn ìwé tó rin náà ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ sọ láti inú yàrá pé, “Dúdú.”

Orúkọ tó fi ń pè é nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò sì pariwo. Obìnrin náà wí nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó ní kíbọọ̀dù níwájú, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó lọ ewé kan, ó lọ ìkejì. Ó lọ ewé márùn-ún, kó tó gbọ́ tí dígí fọ́. Nígbà tó débẹ̀, orí tábìlì ni Onírúlà da àyà dé. Apá rẹ̀ ló wọ́ mọ́nítọ̀ apá òsì lulẹ̀.

Dókítà sọ pé ọkàn ló dúró lẹ́ẹ̀kan náà, pé irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í fún ènìyàn láàyè láti pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ẹbí fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Yóò mi orí, yóò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni ó fi gbọ́. Oṣù mẹ́jọ nìyí, kò tíì sọ fún ọmọ, kò sọ fún àbúrò, pé ọkọ òun pe òun, òun sì dúró ń lọ ìwé. Ewé márùn-ún yẹn ló ń jẹ ẹ́ nínú. Bí Onírúlà bá ń ké fún ìrànlọ́wọ́ ni, a jẹ́ pé òun ló jẹ́ kó kú.

Nígbà tí ìwé ọlọ́sìn ẹja padà wá, ó ránṣẹ́ pe Aláwáyà. Aláwáyà ti ń tún ẹ̀rọ ṣe fún Onírúlà láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Ó wọ abẹ́ tábìlì, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ nípa eruku, ó sì jáde pẹ̀lú orí wáyà kan lọ́wọ́, èyí tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

“Màmá, kọ̀ǹpútà yìí ò mọ̀ pé mọ́nítọ̀ yẹn ti fọ́,” ló wí. “Wáyà ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Lójú tiẹ̀, méjì ṣì ni wọ́n lórí tábìlì yìí. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀ tẹ́ ẹ ní kò jáde, ó ń jáde. Apá òsì ló ń jáde sí.”

Obìnrin náà béèrè bóyá ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá kú ṣì lè wà níbẹ̀. Aláwáyà béèrè bóyá ó ti pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá rí látìgbà náà. Ó ní rárá, sísùn ló ń sùn. Aláwáyà họ irùngbọ̀n. Ó ní a jẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Òun lè gbìyànjú láti fà á wá sí apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti gbó báyìí lè kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ohun tí kò léwu ni kí wọ́n wá mọ́nítọ̀ míràn fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀kan dé láti ọ́fíìsì kan tó ń pààrọ̀ tiwọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́ sì jẹ́ ti ayé ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ẹnu kọ̀ǹpútà jẹ́ èyí aláwọ̀ búlúù ti àtijọ́, oníhò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó mú àdápítọ̀ kan tó tó páálí ìṣáná wá láti fi ṣe alárinà láàárín wọn. Ó ti ń ká apá aṣọ sókè nígbà tí obìnrin náà ní kó fi sílẹ̀, pé òun máa so ó fúnra òun. Kò fẹ́ kí ojú ẹlòmíràn kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀. Aláwáyà wò ó, kò bá a jiyàn. Ó kàn kìlọ̀ pé kó má pa ẹ̀rọ náà o, kó jẹ́ kó sùn, kó tó ki wáyà bọ̀ ọ́.

Ó ti ilẹ̀kùn. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí tábìlì. Ó tẹ bọ́tìnnì olóṣùpá, ẹ̀rọ náà mí kanlẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó rá wọ abẹ́ tábìlì, ó mú orí wáyà tó ti ń fì níbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ó tì í bọ àdápítọ̀, ó yí nọ́ọ̀tì kéékèèké méjèèjì títí wọ́n fi le. Ó so ìyókù mọ́ mọ́nítọ̀ tuntun, ó dojú rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà, ó sì jí ẹ̀rọ náà.

Apá ọ̀tún tàn. Apá òsì dúdú kirikiri, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí nǹkan kan. Inú obìnrin náà bàjẹ́, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bú ara rẹ̀ pé òun mà lójo o. Ló wá rántí pé Aláwáyà ní bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ àgbọ̀n mọ́nítọ̀ náà tí wọ́n fi ń sọ fún un ẹnu wáyà tó máa fi gbọ́ràn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ewé ìjà yọ.

Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ìpínrọ̀ ẹja tó sọnù wà níbẹ̀, lẹ́tà lọ́yà wà níbẹ̀, ìdajì ìwé ìpàdé, gbogbo wọn já lé ara wọn láìsí àlàfo. Ó dúró sẹ́yìn àga Onírúlà, ó na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, ó ń yí ojú ewé náà lọ sókè, ó ń kọjá oṣù kan bọ́ sí èkejì sẹ́yìn, títí tó fi dé ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí Onírúlà kú.

“Èmi ni mo jẹ̀bi fèrèsé,” ni Onírúlà kọ. “Má bínú, Dúdú. N óò bá ọ tún ìwé náà tẹ̀.”

“Mo ti rí i,” lòun fúnra rẹ̀ tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ míràn ló tẹ̀ lé e, èyí tí kò kà rí. “Dúdú, mo gbọ́. O pè mí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn àga mi níbí, mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ọ. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ìjà fèrèsé kò tó ẹkún. Mo ti dá ọ lóhùn. Dúró dè mí, mò ń”

Ó tán síbẹ̀.

Obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò pe ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Odì ló ń yàn, ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi ẹnu kan orúkọ rẹ̀, pálọ̀ ló sì wà pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Kò sì sunkún, inú ló ń bí i. Ta ló wá dúró lẹ́yìn àga yìí tó ń fi ohùn òun sunkún?

Ó di ẹ̀yìn àga náà mú, ó ń wo “mò ń” tí kò ní ìparí yẹn, àánú ọkùnrin náà sì ṣe é dé ibi tí kò lè pa á mọ́ra mọ́. Láti ìgbà ìsìnkú kò tíì pe orúkọ ọkọ rẹ̀ sókè.

“Onírúlà,” ló wí. Omi dà lójú rẹ̀. “Onírúlà.”

Kò tíì pa ẹnu dé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn àga. Pẹ̀lú ẹkún. Kì í ṣe ohùn ọjọ́ yẹn ni Onírúlà gbọ́, ohùn òní ni. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí òun, nítorí òun kò tíì débẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́jọ kí òun tó dúró síbẹ̀. “Dúdú” tí òun gbọ́ ní pálọ̀, ọkọ òun kò fi ké fún ìrànlọ́wọ́. Ó ń fi jẹ́ òun lóhùn ni. Ẹ̀rù bà á, ó bà á gan-an, torí kò mọ̀ bóyá ipè òun ló mú ọkọ òun dìde lọ sọ́run. Ṣùgbọ́n ewé márùn-ún yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ọfà kékeré náà jáde láti apá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan máòsì. Ó rìn kọjá àlàfo tó wà láàárín mọ́nítọ̀ méjèèjì, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ “mò ń”.

“Dúdú.”

Inú yàrá yẹn ni ohùn náà ti wá, ẹ̀ẹ̀kan péré, kò sì pariwo.

Obìnrin náà ò lọ ìwé kankan lọ́tẹ̀ yìí. Ó di àga mú, ó ní, “Mo wà níbí. Mi ò bínú mọ́.”

Ó dúró ń wò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ tó wà lábẹ́ “mò ń” sún sísàlẹ̀ díẹ̀ láti fi àyè sílẹ̀, ìlà kan sì bẹ̀rẹ̀ láti eteetí ojú ewé, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, gbọnrangandan, títí ó fi dé òdìkejì.