Ẹ̀gbọ́n Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ó-ti-lọ

Àǹtí Eré ni àwọn ọmọdé ń pè é, nítorí pé lójú tiwọn, eré ni iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí dókítà eyín ń lo ìsàlẹ̀ rẹ̀: àga kéékèèké méjì, tábìlì tí kò ga ju orúnkún lọ, àpótí tí ó kún fún igi wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin, pupa àti funfun. Ọmọ tí kò lè kàwé, ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kọjá bó ti yẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mú wọn wá. Á bá wọn ṣeré, á bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, títí á fi mọ ibi tí ọpọlọ ọmọ ti ń sáré àti ibi tó ti ń tiro. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ó rò pé kò sí ohun tí ojú òun ò tíì rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, káfíńtà kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà léjìká ọkùnrin náà. Ó gbé lẹ́tà olùkọ́ lé orí tábìlì bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní ń ṣe ló ń lálàá lójú mọmọ. Bí wọ́n bá pè é, á kàn máa wò wọ́n bí ère. Mo bá a wí títí, ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó."

"Ṣé ẹ tún ń nà án?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àbí kí n sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta."

Àǹtí Eré ní kó lọ jókòó níta. Òun àti ọmọ náà to igi, wọ́n ya àwòrán, ọmọ náà sì ka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá síwájú bí ẹni ń jẹ ṣúgà. Ọmọ náà jí pépé.

"Ó yá, dárúkọ gbogbo ẹranko tí o bá mọ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé."

"Ajá, ológbò, ẹṣin, màlúù, e—"

Ó dákẹ́. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń ra pẹ́ńsùlù tó dì mú. Àǹtí Eré pe orúkọ rẹ̀. Bí ìgbà tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Aago ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án.

"—wúrẹ́," ni ọmọ náà wí. "Ehoro, ọ̀bọ… Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ń wò mí?"

Kì í ṣe pé Àǹtí Eré ò mọ ohun tó rí. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó mú ara rẹ̀ tutù ni pé ó ti rí i rí, kó tó mọ ìwé kankan, lẹ́yìnkùlé ilé wọn àtijọ́, lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ó-ti-lọ ni ìnagijẹ tí gbogbo ilé fún ẹ̀gbọ́n yìí. Á máa fọ abọ́ lábẹ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́, orin lẹ́nu rẹ̀; òjijì, orin á já, ọwọ́ á dúró sínú omi ọṣẹ. Àwọn ọmọ á pariwo pé, "Ó ti lọ o!" Bó bá padà dé, á bá orin lọ láti ibi tó ti já, á sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nídìí tábìlì oúnjẹ, àbúrò rẹ̀ tó di Àǹtí Eré lónìí a máa ṣọ́ ọ títí á fi "lọ", á wá yára bu lára búrẹ́dì rẹ̀. Ìyá wọn ní ọ̀lẹ ni. Ìgbátí rẹ̀ kì í jìnnà sí etí ọmọ náà. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó ti jókòó sí kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n mú un kúrò nílé ìwé, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Àbúrò ni wọ́n kó ìwé rẹ̀ fún. Inú àbúrò dùn lọ́jọ́ náà débi pé kò sùn bọ̀rọ̀.

Ó pe káfíńtà wọlé.

"Bàbá, ọmọ yín kì í ṣọ̀lẹ. Ọpọlọ rẹ̀ ló máa ń ṣẹ́jú, bí iná tó lọ tó sì dé kíá. Bó bá ti ṣẹ́jú báyẹn, kò gbọ́ yín. Ó jọ pé ẹ̀yà wárápá kan ni."

"Wárápá kẹ̀! Kò mà ṣubú rí!"

"Irú èyí kì í gbé ni ṣubú. Mo máa kọ̀wé sí dókítà ọpọlọ, òun ló lẹ́rọ tí á fi wò ó kó tó dá wa lójú. Oògùn rẹ̀ sì wà."

"Mo sì nà án," ni ọkùnrin náà wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà ọmọ rẹ̀ tí kò tú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àǹtí Eré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ ohùn rẹ̀.

"Ta ló kú? Ìwọ kì í mà í peni lọ́sàn-án."

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ dákẹ́. "Nígbà tí ẹ bá lọ báyẹn, kí lẹ máa ń rí?"

"Kí ni n ó rí? Mi ò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin lẹ máa ń fò. O ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó mí, o ti dé ojú fèrèsé. Mo rò pé bí ayé ṣe rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Búrẹ́dì mi náà a sì máa fò."

"Ẹ mọ̀?"

"Orí mi ló ń lọ, ikùn mi ò lọ síbì kankan."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì títí ẹkún fi yọjú sí i. Àǹtí Eré ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà, ọdún ti gorí ọdún, àìsàn náà sì ti kúrò lára ẹ̀gbọ́n bó ṣe ń dàgbà, bó ti ń kúrò lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe é jọ ti ọmọ náà gan-an.

"Bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa ti ọmọ yẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí, "o ó bá mi sọ ọ́ fún Màmá. Lójú mi."

Dókítà ọpọlọ lẹ wáyà mọ́ ọmọ náà lórí, ó sì rí i bí Àǹtí Eré ti rò. Láàárín oṣù méjì, oògùn mú kí ọpọlọ tó ń ṣẹ́jú náà rọlẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọ náà ṣì ń gòkè wá, nítorí ó ti gbà tọkàntọkàn pé olódo lòun, kò sì sí oògùn tó ń wo ìyẹn. Olùkọ́ ti wá ń ráhùn pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ mọ́.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn èyí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ bá ìyá wọn. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó jókòó sójú fèrèsé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

"Ta ni ì bá sọ fún mi nígbà yẹn?" ló bi wọ́n. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wá kọjú sí àkọ́bí rẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú sí mi."

Wọn ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ìyá wọn. Nígbà tó ṣe, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àwọn ará àdúgbò àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kú, ẹni tó kó lọ, wọ́n sì ń rán ara wọn létí títí ilẹ̀ fi ń ṣú.