Ta Ló Ra Ìborùn Funfun fún Màámi?

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ fọ́tò aláwọ̀ mèremère. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, mo sì ti rí i pé àwọ̀ a máa pariwo jù. Bí ènìyàn bá wọ aṣọ tó ń tàn yòò, aṣọ la ó máa wò, ẹni tó wọ̀ ọ́ a wá di ìkọ́ tí wọ́n fi aṣọ kọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ àwọ̀ kúrò, tó ku dúdú àti funfun, ojú onítọ̀hún á jáde síta, kò ní ríbi sá sí. Àwọn oníbàárà mi ní orí mi ò pé. Ó lè máà pé lóòótọ́, àmọ́ ojú mi pé.

Màámi nìkan ló gbà pẹ̀lú mi. Ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ̀ ń bọ̀, ó ní kí n ya òun ní dúdú àti funfun, fọ́tò ńlá tí a ó gbé kọ́ pálọ̀. Kò bá má sí wàhálà níbẹ̀ rárá, bí kì í bá ṣe ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì ni àkọ́bí, télọ̀ ló tẹ̀lé e, èmi ni mo kẹ́yìn. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jà lórí ẹni tí Màámi máa lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Màámi ò kúkú lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ní ilé, òun ní ìkòkò, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òun. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni kí àwọn ọmọ òun tún jókòó sínú yàrá kan náà kí ojú òun tó di. Ó bẹ̀ wọ́n títí. Èyí ní àfi kí tọ̀hún kọ́kọ́ wá tọrọ àforíjì. Tọ̀hún ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun.

Ẹ̀bùn ni wọn kì í fi falẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ìborùn kan ránṣẹ́, ó ní òun ni kí Màámi fi ya fọ́tò. Ẹnu mi ò ní ìlẹ̀kùn, mo sọ fún Télọ̀, ni òun náà bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì pè lórí fóònù.

“Màámi, ṣé ìborùn mi lẹ máa lò?”

“Èwo ni tìẹ nínú gbogbo ẹrù yìí?”

“Èyí pupa ni, Màámi.”

“Pupa ni n ó lò, ọmọ mi.”

Kò pẹ́ tí Télọ̀ náà fi pè. “Màámi, pupa ni tèmi o!”

“Mo ti gbọ́. Pupa náà ni n ó lò.”

Mo tú àpò méjèèjì. Ti Nọ́ọ̀sì pupa fòò bí ata. Ti Télọ̀ pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó pọ́n. Pupa ni èyí, pupa ni ìyẹn. Èdè wa ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

“Màámi, ẹ ti dáràn.”

“Ọ̀ràn wo? Ta ni mo purọ́ fún?” Ó lọ́ méjèèjì mọ́ra wọn, ó dà wọ́n sí èjìká. “Ìwọ ṣebí onífọ́tò ni ẹ́. Wá nǹkan ṣe sí i.”

Nínú fọ́tò dúdú àti funfun, pupa fòò a máa ṣú, rúsúrúsú a sì máa mọ́lẹ̀. Wọ́n á rí i pé méjì ni. Mo wá fi gíláàsì pupa kan bo ojú kámẹ́rà, èyí tó máa ń sọ gbogbo ohun tó bá pupa di ọgbọọgba. Mo ní kálukú á rò pé tòun ni. Mo rò pé mo gbọ́n.

Nígbà tí mo ń fọ fọ́tò náà nínú yàrá òkùnkùn, tí ojú Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ lórí bébà, mo figbe ta. Hàáà, ìyá mi rẹwà! Ẹ̀rín kan wà ní igun ẹnu rẹ̀ tí mi ò rí nígbà tí mo ń yà á. Mo jó, mo fi ìgúnpá gbá abọ́ omi dànù. Inú mi dùn débi pé mi ò tiẹ̀ wo ìborùn. Bí bébà ṣe gbẹ, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ pè. “Ta ló ra ìborùn funfun fún Màámi?”

“Funfun kẹ̀?”

Mo sáré wo fọ́tò. Yéè! Gíláàsì ti bó gbogbo pupa dànù. Funfun báláú ló wà léjìká Màámi, bí aṣọ ìyàwó. Kí n tó lanu, Nọ́ọ̀sì ti gbé fóònù sílẹ̀, Télọ̀ ti ń pè.

“Kò lo tèmi, mo gbà. Kò lo ti ẹni yẹn náà, ìyẹn dùn mọ́ mi. Ta wá ni ẹnì kẹta? Wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín! Obìnrin ni mí, mo mọ irú ẹ̀rín yẹn.”

Mo sáré lọ sọ ọ́ fún Màámi, mo rò pé yóò bú mi. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

“Wọ́n ní mo ti fẹ́ ọkọ?”

“Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀, Màámi.”

“Wọ́n á sọ ọ́. Ìwọ ṣáà pa ẹnu ẹ dé.”

Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹnì kan ò lè dá a gbé. Ta ni Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ ọ́ fún lóde ayé yìí, tí kò ní fi ìyá wọn ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹnì kan péré ni. Ó pè é.

Ọ̀sán Sátidé, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbé àwọn méjèèjì wá. Nọ́ọ̀sì ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn Télọ̀.

“Màámi, ta ni bàbá náà?” Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ kí i. “Ṣé tíṣà ojúlé kejì ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sọ fún yín, tíṣà yẹn ò mọ aṣọ rà.”

“Àbúrò mi, fi mí sílẹ̀, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí!”

Ẹ̀gbọ́n mi. Àbúrò mi. Òtítọ́ ń yún mi lọ́fun, ṣùgbọ́n Màámi wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e mì.

“Ẹ jókòó,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ ọkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.”

Wọ́n jókòó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Màámi ní ọkùnrin náà ga, ó mọ èèyàn tọ́jú, eyín méjì péré ló kù lẹ́nu rẹ̀. Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ṣubú lé Nọ́ọ̀sì lára, Nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ gbá a, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé kámẹ́rà.

“Ṣé ẹ máa lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni?” Nọ́ọ̀sì bi í.

“Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó sọ ìyẹn. Àmọ́ bí ẹnì kan bá dá wá, mi ò ní la ẹnu mi.”

Télọ̀ yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ máa yà gbé mi?”

“Kí n wá fi ọ́ sílẹ̀ ni?”

Omi bọ́ lójú Màámi. Ó gbìyànjú láti nù ún, òmíràn tún bọ́. Nọ́ọ̀sì fẹnu sí àbúrò rẹ̀ létí.

“O rí i? Ó fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an.”