Òdòdó Tó Gba Inú Ìró Kọjá

"Mo ní kí o dìde! Àbí wọ́n fi àtè lẹ̀ ọ́ mọ́ àga ni?"

Ọ̀gá aránṣọ ló ń lọgun bẹ́ẹ̀, nínú yàrá tí àwọn obìnrin tí ogun lé kúrò nílé ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìyá Ìkókó ló ń bá wí. Kò dìde. Kò lè dìde.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo ti rán aṣọ tábìlì yìí mọ́ ìró mi."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Igi tí wọ́n ń na aṣọ mọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí itan ni Ìyá Ìkókó ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré. Abẹ́rẹ́ ti gba inú aṣọ tábìlì funfun náà kọjá, ó wọ ìró: odidi òdòdó ńlá àárín, kókó lórí kókó.

"Oníbàárà ti dé ẹnu ọ̀nà o! Ẹ̀yin mẹ́wàá, àga iṣẹ́ mẹ́fà ló ní. Ẹni tí oníbàárà kò bá yàn lónìí, kó padà sí àgọ́ lọ máa ka eṣinṣin!"

"Ẹ jẹ́ kí n tú u."

"Kó lu bí asẹ́? Gé ìró yẹn yípo òdòdó náà, kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ. Ojú aṣọ ni wọ́n ń wò."

Ìró yẹn ló fi pọn ọmọ rẹ̀ la igbó kọjá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìró dé, ọmọ ò dé. Kò tíì fọ ìró náà láti ìgbà náà.

"Ẹ kúkú gé ìka mi."

"Kí n fi ìka ṣe kí ni? Ṣé mo fẹ́ se é ni?"

Ẹni tó jókòó tì í rọra fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Arábìnrin mi, òkú kì í jẹun. Ìwọ lebi ń pa. Gé e."

Ìyá Ìkókó mú àlùmọ́gàjí. Ó gé e, ó ń gbọ́ bí òwú ṣe ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó dìde, ihò tó kù níwájú ìró náà fẹ̀ tó orí ọmọ titun.

Oníbàárà wọlé. Ó gba aṣọ náà, kò tilẹ̀ wo ojú aṣọ. Ó yí i sódì, ó fi èékánná ha àkísà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òdòdó, ó gbé e sí imú, ó sì jù ú padà sọ́wọ́ ẹni tó rán an.

"Ta ló kàn?"