Fún Eku Nìkan

Túnráyọ̀ kì í rú òfin. Bó ṣe máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì gbà á gbọ́ títí di ọjọ́ kejì Iléyá ọdún yìí.

Olùkọ́ yunifásítì ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Sókótó, ohun ìbo-egbò ló sì ń ṣe. Á yọ kọ́lájẹ̀n, èròjà tó ń mú kí awọ yi, lára awọ ewúrẹ́. Á pò ó mọ́ omi èso igi bagaruwa, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí á fi gbẹ, tí á fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Kì í ṣe inú ìwé ló ti rí bagaruwa o. Bàbá Àúdù ló kọ́ ọ. Ní Tudun Wada, ní Sókótó níbẹ̀, ni bàbá yìí ti ń sọ awọ tútù di awọ bàtà. Ó ti gbé Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ fún ogún ọdún rí, Yorùbá sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Òun ló sọ pé èso tí àwọn fi ń ṣe awọ náà ni àwọn fi ń fọ egbò, òun náà ló sì ń gbé awọ wá fún Túnráyọ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà ń bá bàbá jà. Egbò gìgísẹ̀ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin, dókítà sì ti ń dárúkọ gígé ẹsẹ̀. Ó bẹ Túnráyọ̀ pé kó fi díẹ̀ bo egbò náà fún òun. Túnráyọ̀ kọ̀. Ó ní ara eku nìkan ni àwọn ṣì ti ń dán an wò, àṣẹ pé kí wọ́n lò ó fún ènìyàn kò tíì jáde. Bàbá ní kò burú, òun á dúró.

Òtítọ́ ni Túnráyọ̀ sọ. Àmọ́ nígbà tí omi gbígbóná dà sí Ayọ̀fẹ́, ọmọ rẹ̀ ọdún méje, lọ́wọ́, òfin ò mọ ọ̀nà ilé wọn ní Arkilla mọ́. Túnráyọ̀ wọ láàbù, ó mú ohun ìbo-egbò mẹ́ta, ó fi bo ọwọ́ ọmọ. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe a máa dùn lẹ́nu olè.

Ọjọ́ kejì Iléyá, láàbù wà ní títì, bàbá sì gbé awọ tuntun wá sílé kó má baà bàjẹ́. Ó ń tiro. Túnráyọ̀ gbé àga fún un, ó sì ké sí ọmọ pé kó wá kí àgbà, bí ìyá rere ṣe máa ń ṣe. Kò tíì pa ẹnu dé tó fi rántí ohun tó ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ayọ̀fẹ́ ti kúnlẹ̀, bàbá ti mú èso dabino jáde lápò, ọmọ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Bàbá di ọwọ́ náà mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni ó tún mọ awọ ju òun lọ?

Túnráyọ̀ ń retí ìbínú, àmọ́ ńṣe ni ojú bàbá tàn.

“Alhamdulillahi. Àṣẹ ti jáde nìyẹn, ìyá Ayọ̀fẹ́?”

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ti ń bọ́ bàtà, ó ti ń tú aṣọ tó fi di egbò. Ojú ti Túnráyọ̀ débi pé ì bá dùn mọ́ ọn kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ó kúnlẹ̀.

“Kò tíì jáde, Bàbá. Mo jí i fún ọmọ mi ni.”

Bàbá wo ọmọ, ó wo ìyá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé aṣọ náà padà mọ́ ẹsẹ̀.

“Ó dáa tí ọwọ́ ọmọ ń jinná,” ló wí. “Níbo ni kí n gbé awọ yìí sí fún yín?”